Ẹ̀rí Inú Ẹ̀rọ Búlọ́ọ̀kù

Bí Dúródọlá bá rí ohun tó ta kókó, àfi kó tú u. Láti kékeré ló ti rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, ó tú àgádágodo àpótí ìyá rẹ̀ palẹ̀ láìlo kọ́kọ́rọ́. Kí ìyá tó rí pàṣán mú, ó ti tò ó padà. Ó ti di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n báyìí. Ó ti kàwé gboyè nípa kọ̀ǹpútà ní yunifásítì, ó sì ń bá ilé-iṣẹ́ kan ṣiṣẹ́ ní Ìkátẹ̀ Ẹlẹ́gùṣì, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ohun tí àwọn agbóúnjẹkiri ń lò lórí fóònù. Iṣẹ́ náà kò tó nǹkan lójú rẹ̀ mọ́. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, wọn a ní kó sún bọ́tìnnì kan sọ́tùn-ún. Bí ó bá di ọ̀la, wọn a ní kó sún un padà sósì.

Àwọn èdè kọ̀ǹpútà àtijọ́ ló fi ń tu ara rẹ̀ nínú. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń lé èdè tó jáde lánàá, ẹ̀yìn ni òun ń sáré lọ. Ó gbọ́ èyí tí wọ́n ń kọ bíi lẹ́tà akọ̀wé ìjọba, tó gùn, tó kún fún ọ̀wọ̀, tí kì í gbàgbé àmì ìdánudúró. Ó gbọ́ èyí tó jẹ́ kìkì àmì, tó dà bí ipa ẹsẹ̀ èèrà lórí yanrìn, tí ìlà kan nínú rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ ogójì ìlà. Ṣùgbọ́n èyí tó wọ̀ ọ́ lọ́kàn jù ni èyí tí wọ́n ń pè ní Forth. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bí mọ́ èdè náà kò pọ̀. Ìwọ tó ń lò ó ni wàá máa dá ọ̀rọ̀ sí i, ọ̀kan lé ọ̀kan, títí èdè náà yóò fi bá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ mu. Kò sí ẹni tó ń fi gba iṣẹ́ ní Lẹ́kì. Fikáyọ̀, tí wọ́n jọ ń jókòó ní ọ́fíìsì, ní Dúródọlá dà bí ẹni tó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kí òkú, tí òkú kò sì dá a lóhùn rí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan nínú oṣù kẹfà, Alhaja Kùdírátù, àbúrò ìyá rẹ̀, pè é lórí fóònù. Alhaja ló ni ilé-iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù kan ní Awoyaya; ọkọ rẹ̀, Ẹnjiníà Odùkọ̀yà, ló fi í sílẹ̀ fún un nígbà tó kú ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ó ní ọ̀sẹ̀ méjì rèé tí búlọ́ọ̀kù òun ti ń fọ́ lọ́wọ́ ẹni bíi bisikíìtì. Oníbàárà kan tó ń kọ́lé ní Thomas Estate ti kó odindi ọkọ̀ kan padà, ó dà á sílẹ̀ lẹ́nu géètì. Gbogbo ẹni tó fọwọ́ kàn án ló ń sọ ohun kan náà, pé sìmẹ́ǹtì rẹ̀ kò tó. Bẹ́ẹ̀, ojú Alhaja ni wọ́n ṣe ń da iye àpò tó yẹ sínú àgbá gíga tó ń bọ́ ẹ̀rọ ní àràárọ̀. Tìjání, ará Ìsẹ́yìn, ló ti ń darí ẹ̀rọ náà láti ọdún méjìdínlógún, òun nìkan ló sì ní kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ̀rọ. Lánàá, níwájú gbogbo lébìrà, Alhaja pè é ní olè.

“Wá bá mi yẹ ẹ̀rọ náà wò,” ni ó wí. “Bí ẹ̀rọ bá ń ṣe ségesège, èmi ni màá bẹ Tìjání. Bí kò bá sí ohun tó ṣe ẹ̀rọ, kó forí lé Ìsẹ́yìn kó tó di Àsárì.”

Dúródọlá ti fẹ́ sọ pé òun kò mọ nǹkan kan nípa búlọ́ọ̀kù. Alhaja ṣì ń rojọ́ lọ. Ó ní àwọn ẹnjiníà méjì ti wá tàwọn ti láptọ́ọ̀pù wọn. Wọ́n wo iwájú wo ẹ̀yìn àpótí tó ń darí ẹ̀rọ, wọ́n wá ibi tí wọ́n máa ki wáyà bọ̀, wọn kò rí. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọn kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án. Ó ní kì í ṣe ẹ̀bi wọn, irú àpótí wo ni wọ́n á máa tẹ nǹkan sí tí kò ní fèsì kankan ju “ok” lọ.

Dúródọlá dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó bèèrè bóyá lẹ́tà kékeré ni wọ́n fi ń kọ “ok” náà àbí lẹ́tà ńlá. Alhaja bèèrè bóyá orí rẹ̀ pé. Nígbà tó fi máa sọ pé lẹ́tà kékeré ni, Dúródọlá ti ń fi ẹsẹ̀ wá bàtà.

Bí ó ti sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá ló bọ́ sínú bọ́ọ̀sì kékeré tó ń lọ sí Awoyaya. Ní gbogbo ojú ọ̀nà, ìka rẹ̀ ń tẹ nǹkan lórí itan rẹ̀. Obìnrin tó jókòó tì í rò pé ó ń ka tẹ̀súbà, ó ní kí Ọlọ́run gbọ́.

Nígbà tó wọ géètì, ọkùnrin kan jókòó sórí búlọ́ọ̀kù lábẹ́ igi àgbọn, ó gbé báàgì aṣọ sórí itan, ó ń wo ilẹ̀. Tìjání nìyẹn. Àwọn lébìrà tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri bí ẹni tó wà níbi òkú. Dúródọlá dọ̀bálẹ̀ kí àǹtí rẹ̀, ó kí Tìjání ní ṣókí, ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì kọrí sí yàrá páànù tí ẹ̀rọ wà.

Àpótí náà nìyẹn lórí tábìlì, irin ni, ó ga tó àpótí bàtà. Ojú gíláàsì rẹ̀ kò ju àwo ọbẹ̀ lọ, lẹ́tà aláwọ̀ ewé ló ń tàn lára rẹ̀. Èyí tó pọ̀ nínú lẹ́tà ara bọ́tìnnì rẹ̀ ti pa rẹ́. Bátìrì mọ́tò kan wà lábẹ́ tábìlì, wáyà so ó mọ́ àpótí náà. Ẹnjiníà Odùkọ̀yà ló ṣe é bẹ́ẹ̀ kí àpótí má baà sùn nígbà tí iná bá lọ. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e dé, kò kú rí.

Dúródọlá tẹ bọ́tìnnì ìsàlẹ̀ lásán. Àpótí náà fèsì: ok. Ó tẹ èjì, ó tẹ ẹ̀ta, ó tẹ àmì ìròpọ̀ lẹ́yìn méjèèjì, ó tẹ àmì ìdánudúró. Àpótí náà kọ ọ́ pé márùn-ún, ok.

Ó fò sókè, orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan páànù. Forth ni, láìsí àní-àní. Èdè tí wọ́n ní ó ti kú ló ń mí ní Awoyaya yìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì yanrìn, ó sì ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí òun gan-an ṣì wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rín ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Habeeb, ọ̀kan nínú àwọn lébìrà, yọjú lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní ṣé ẹ̀rọ tó ti ń pa àwọn lẹ́kún láti ọ̀sẹ̀ méjì ló ń pa ọ̀gá yìí lẹ́rìn-ín.

Ó tẹ ọ̀rọ̀ tí yóò mú kí èdè náà ka gbogbo ọ̀rọ̀ tó mọ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì mọ ìgbà tó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ẹnjiníà Odùkọ̀yà kò fi Òyìnbó dá ọ̀rọ̀ tirẹ̀. IYANRIN wà níbẹ̀, SIMENTI wà níbẹ̀, OMI, PO, TE, GBE. Ọkùnrin náà jókòó nínú yàrá yìí nígbà ayé rẹ̀, ó ń kọ́ irin ní èdè ilé rẹ̀, kò sì sí ẹni tó gbọ́. Dúródọlá tú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan wò nínú. Wọ́n mọ́ tónítóní. Ọ̀rọ̀ kan kò gùn ju ìlà méjì lọ. Nǹkan tí òun àti Fikáyọ̀ yóò fi ojú ewé mẹ́wàá kọ, bàbá yìí fi ìlà méjì parí ẹ̀. Lára ògiri, ó lẹ páálí kan mọ́ ibẹ̀, níbi tó kọ ohun tí a gbọ́dọ̀ tẹ̀ nígbàkígbà tí a bá fẹ́ po yanrìn mọ́ sìmẹ́ǹtì:

12 IYANRIN 2 SIMENTI

Nọ́ńbà ní iwájú, ọ̀rọ̀ ní ẹ̀yìn. Òṣùwọ̀n yanrìn méjìlá, òṣùwọ̀n sìmẹ́ǹtì méjì. Dúródọlá ní kí Habeeb gbé báàgì òfìfo sábẹ́ ẹnu ihò sìmẹ́ǹtì. Ó ní kí ẹ̀rọ bu ẹyọ kan, wọ́n wọ̀n ọ́n. Ó ní kó bu méjì, wọ́n wọ̀n ọ́n. Kò lé, kò dín. Wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Lẹ́ẹ̀mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó pé bí ìgbà tí wọ́n fi sísọ́ọ̀sì gé e.

Ara rẹ̀ gbóná. Ó sáré jáde sínú oòrùn bí ẹni tí wọ́n fi jẹ oyè.

“Àǹtí, ẹ̀rọ yín kò ní àléébù kankan. Ó péye ju gbogbo nǹkan tí a ní ní ọ́fíìsì wa lọ. Ẹnjiníà gbọ́n, mo sọ fún yín, wọ́n gbọ́n gan-an.”

Habeeb wolẹ̀. Alhaja tún gèlè rẹ̀ ṣe lórí, ó sì kọjú sí abẹ́ igi àgbọn.

“Tìjání, o ti gbọ́.”

Tìjání dìde, ó gbọn yanrìn kúrò lẹ́yìn ṣòkòtò, ó fa báàgì kọ́ èjìká. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ tí àǹtí rẹ̀ sọ láàárọ̀ tó wọ Dúródọlá létí. Ayọ̀ ẹ̀rọ ni kò jẹ́ kó rántí ènìyàn. Òun ló fi ẹnu ara rẹ̀ dá ẹ̀rọ láre, ó sì ti fi bẹ́ẹ̀ dá Tìjání lẹ́bi. Ó bẹ àǹtí rẹ̀ pé kó fún òun ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí i. Kò dúró gbọ́ èsì, ó ti sáré padà wọ yàrá páànù.

Kò mọ ohun tó ń wá. Ó kàn ṣe ohun tí gbogbo ẹni tó bá mọ Forth máa ń ṣe kó tó dìde níbi iṣẹ́, bí ẹni tó jẹun tán tó ń fọ àwo: ó wò ó bóyá nǹkan ṣẹ́ kù nílẹ̀. Nínú èdè yìí, bí o bá tẹ nọ́ńbà, ṣe ni àpótí ń tò ó léra bí ìgbà tí wọ́n ń to búlọ́ọ̀kù. Ọ̀rọ̀ tó bá nílò nọ́ńbà yóò gbé èyí tó wà lókè pátápátá. Bí iṣẹ́ bá parí, ó yẹ kí ilẹ̀ mọ́. Ó tẹ àmì ìdánudúró àti lẹ́tà S.

Ojú gíláàsì náà kún. 2 2 2 2 2 2, ìlà kan lé ìlà kan, èjì nìkan, wọ́n kún ojú náà, wọ́n ń ṣàn kọjá. Nígbà tó bèèrè iye wọn, àpótí ní wọ́n jẹ́ igba ó lé mẹ́rìnlá.

Igba ó lé mẹ́rìnlá ìgbà ni ẹnìkan ti gbé èjì kalẹ̀ fún ẹ̀rọ, tí ẹ̀rọ kò gbé e. Kí ló gbé dípò rẹ̀? Ohun kan gbọ́dọ̀ wà lórí èjì náà.

Ó fi fóònù ya àwòrán ojú náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó mọ ohun kan tí àwọn yòókù kò mọ̀: àpótí yìí kì í forí ji àṣìtẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá tẹ ọ̀rọ̀ tí kò mọ̀, ìbáà ṣe lẹ́tà kan ló ṣì, ojú ẹsẹ̀ ni yóò da gbogbo òkìtì náà nù, ẹ̀rí á sì lọ ráúráú. Ó pe Habeeb sẹ́nu ọ̀nà. Ó ní bí eṣinṣin bá fẹ́ bà lé bọ́tìnnì, kó fi ara rẹ̀ dí i. Ó sì sáré lọ bá Tìjání lẹ́nu géètì, Alhaja ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn.

“Bàbá, ẹ dákun, kí lẹ máa ń tẹ̀ fún sìmẹ́ǹtì?”

“Èjì. Bí Ẹnjiníà ti kọ́ mi.”

“Ẹ kì í fi nǹkan kan tẹ̀ lé e?”

Tìjání wo Alhaja, ó wo báàgì rẹ̀.

“Ẹyọ kan,” ni ó wí nígbẹ̀yìn. “Èènì ni.”

Ó wá rọra tú ọ̀rọ̀ náà. Ó ní láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni yanrìn ti yí padà. Èyí tí wọ́n ń fà nínú ọ̀sà báyìí kúnná, ó ní iyọ̀, kì í di mọ́ra. Òun sọ fún Alhaja, Alhaja ní kí òun tẹ ohun tí ọkọ òun kọ sára ògiri, kí òun yé ṣe bí ẹni pé òun gbọ́n ju òkú lọ. Òun kò sì lè sùn. Òun ń rí ilé tó ń wó lé ọmọ aráyé lórí lójú àlá. Bí òun bá ti tẹ èjì tán fún sìmẹ́ǹtì, òun á tẹ ọ̀kan lé e, bí ìgbà tí ènìyàn bá wọn gàrí tán tó bu èènì sí i. Nígbà tí búlọ́ọ̀kù bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, òun rò pé yanrìn náà ló tún burú sí i.

“Kí ló dé tí o ò fi sọ lánàá?” ni Alhaja bi í.

“Ẹ ti pè mí ní olè, Alhaja. Kí n wá sọ pé lóòótọ́ ni mo ń bu sìmẹ́ǹtì yín láìgbàṣẹ?”

Dúródọlá ti kúnlẹ̀ sínú yanrìn. Ó to búlọ́ọ̀kù méjì nílẹ̀, ó ní èjì tí Bàbá tẹ̀ nìyí. Ó gbé ìdajì búlọ́ọ̀kù tó fọ́ lé wọn lórí, ó ní èènì nìyí. Ẹ̀rọ wá dé, kò mọ ìròpọ̀, kò mọ inú rere, òkè nìkan ló ń wò. Ó mú ìdajì náà, ó fi èjì sílẹ̀, ó lọ. Èènì tí Bàbá fi sí i ló gba ipò èjì. Òṣùwọ̀n kan ṣoṣo ló ń wọ inú yanrìn méjìlá.

Àwọn lébìrà ti pagbo yí wọn ká. Ẹnìkan fọwọ́ lu itan, ó ní áà, a jẹ́ pé bí Ọ̀gá Tìjání bá ń ṣahun ni, búlọ́ọ̀kù ì bá dáa.

Wọ́n wọ yàrá páànù. Alhaja wo àwọn èjì tó kún ojú gíláàsì, ó na ìka láti fi tẹ ọ̀kan nínú bọ́tìnnì náà kó lè rí ìyókù. Dúródọlá gbá ọwọ́ rẹ̀ mú kí ó tó mọ ohun tó ṣe, ó sì tọrọ àforíjì. Ó ṣàlàyé pé àṣìtẹ̀ lẹ́tà kan péré lè pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Lẹ́yìn tó sọ ọ́ tán ni ohun tó sọ yé òun fúnra rẹ̀. Ó yíjú sí Tìjání.

“Bàbá, igba ó lé mẹ́rìnlá ìgbà lẹ tẹ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, ẹ ò ṣi lẹ́tà kan. Ẹ̀ẹ̀kan tí ẹ bá ṣì í, àwọn èjì yìí ò ní sí mọ́. Èmi tí mo kàwé rẹ̀, mi ò lè ṣe é.”

Tìjání ní Ẹnjiníà kì í fẹ́ ìkànjú.

Alhaja kò tíì gbà. Ó ní nọ́ńbà ni nọ́ńbà ń jẹ́, ọmọ tó mọ kọ̀ǹpútà lè kọ ohunkóhun tó bá wù ú sójú gíláàsì. Dúródọlá dá a lóhùn pé kò burú, kí wọ́n fi àpótí sílẹ̀. Bí Tìjání bá jí sìmẹ́ǹtì, àgbá á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Bí ẹ̀rọ ló ń fi í sílẹ̀, ṣe ló yẹ kó ṣì wà nínú àgbá, kó máa pọ̀ sí i lójoojúmọ́. Kò sí ẹni tó ń ṣí àgbá náà, nítorí atẹ́gùn ọ̀sà máa ń mú kí sìmẹ́ǹtì dì. Bí wọ́n bá fẹ́ mọ ibi tó dé, wọ́n á fi òòlù kan ara rẹ̀ ni. Ó sì tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ẹnikẹ́ni ti kàn án, nítorí àpò tí wọ́n ń dà á ní àràárọ̀ kò yí padà.

Habeeb ti ń gun àkàsọ̀. Alhaja ní kó sọ̀ kalẹ̀. Ó gba òòlù lọ́wọ́ rẹ̀, ó ká ìró mọ́ ìdí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún fúnra rẹ̀. Dúródọlá di àkàsọ̀ mú nísàlẹ̀. Ó mọ̀ pé ìṣirò òun pé, ṣùgbọ́n ìṣirò kì í ṣe àgbá.

Alhaja kan ìsàlẹ̀: kì. Ó gòkè díẹ̀, ó kàn án: kì. Ó dé ibi tó yẹ kí ó ti máa dún bí agolo òfìfo, ó dúró, ó kàn án lẹ́ẹ̀mejì. Kì, kì. Ó tún gun ẹsẹ̀ mẹ́rin sí i, bàtà rẹ̀ kan bọ́ sílẹ̀, kò wò ó. Ìgbà tó kù díẹ̀ kí orí rẹ̀ kan ìdérí ni òòlù tó dún gbòò.

Inú Dúródọlá dùn débi pé ó di mọ́ Habeeb, sìmẹ́ǹtì bò wọ́n méjèèjì lára. Àwọn lébìrà ń pàtẹ́wọ́. Tìjání kò pàtẹ́wọ́. Ó dúró síbi tó wà, báàgì rẹ̀ ṣì wà ní èjìká.

Alhaja rọra sọ̀ kalẹ̀. Ó wọ bàtà rẹ̀, ó pàṣẹ kí gbogbo wọn wá, títí kan ẹni tó ń bomi sí búlọ́ọ̀kù lẹ́yìn ilé. Nígbà tí wọ́n pé, ó ní ibi tí òun ti pe Tìjání ní olè lánàá nìyí, ibẹ̀ náà ni òun ti máa kó ọ̀rọ̀ òun jẹ.

“Tìjání kì í ṣe olè. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ, èmi ni mo jẹ ẹ́. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́.”

Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀. Tìjání ní kí wọ́n dìde, ilẹ̀ dọ̀tí. Ó gbé báàgì fún Habeeb pé kó bá òun gbé e padà sí yàrá.

Wọ́n tún wọlé lọ síwájú àpótí, àwọn méjèèjì. Dúródọlá sọ fún un pé èdè yìí máa ń gba ọ̀rọ̀ tuntun, ẹni tó ń lò ó ló ni ín, Tìjání sì ti ń lò ó fún ọdún méjìdínlógún. Wọ́n jọ dá ọ̀rọ̀ kan, wọ́n sọ ọ́ ní EENI: yóò gbé nọ́ńbà méjì tó wà lókè, yóò rò wọ́n pọ̀, yóò sì fi iye wọn bu sìmẹ́ǹtì. Dúródọlá ń pè é, Tìjání ń fi ìka kan tẹ̀ ẹ́, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń gbin ẹ̀gúsí. Bí ó ti parí, ó bèèrè bóyá ó ṣeé ṣe kí wọ́n tún dá ọ̀rọ̀ kan tí yóò máa dín omi kù lọ́jọ́ òjò. Dúródọlá fa àga sún mọ́ tábìlì.

Wọn kò tíì jìnnà nígbà tí fèrè ọkọ̀ dún. Típà yanrìn ti dé, awakọ̀ ti ń fi ẹ̀yìn wọlé. Tìjání jáde, ó gun táyà, ó bu yanrìn ẹ̀kúnwọ́ kan. Ó fi àtàǹpàkò rà á, ó fi ahọ́n tọ́ ọ wò, ó tutọ́.

“Ẹ gbé e padà.”

Awakọ̀ kígbe pé Alhaja ló ní kí òun gbé e wá, òun ò gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ń tẹ bọ́tìnnì. Ó na ọrùn jáde kó lè rí Alhaja. Alhaja ń gbọn sìmẹ́ǹtì kúrò lára ìró rẹ̀ lẹ́bàá àkàsọ̀. Ó wo awakọ̀, ó wo Tìjání, ó sì ń gbọn ìró rẹ̀ lọ.

Awakọ̀ fa orí wọlé. Ó pòṣé, ó yí ọkọ̀ padà, ó gbé yanrìn rẹ̀ bọ́ sójú títì.